Ó Ní Ká Dúró Díẹ̀

Gbogbo èèyàn ló ń sá fún oòrùn ọ̀sán ọjọ́ náà, àfi ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde wá jẹun ládùúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ọgbà ti fún ara wọn mọ́ abẹ́ igi furúùtù, èjìká ń gba èjìká. Òun gbé kéréètì ìgò kan bọ́ sí gbangba, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó jókòó lé e, ó wá na pátákó dúdú pẹlẹbẹ kan sí oòrùn bí ẹni tó ń sá aṣọ. Ó ń ka nǹkan lára rẹ̀. Òógùn ń ṣàn lábẹ́ híjáàbù aláwọ̀ ewé rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ishaq, tó ń ṣiṣẹ́ iná ní ilé-iṣẹ́ páálí tó wà ní òdìkejì títì, dúró gbagidi pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́. Kì í ṣe pé kò rí arẹwà rí. Ẹni tí oòrùn ń pa tí inú rẹ̀ sì ń dùn ni kò rí rí. Kó tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dé ẹ̀gbẹ́ kéréètì.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó ní. "Ṣé kò sáyè lábẹ́ igi ni?"

"Àyè wà." Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè. "Fóònù tiyín ni kì í hàn nínú oòrùn. Tèmi, bí oòrùn bá ṣe ń mú sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń hàn sí i."

Ó kọ ojú ohun náà sí Ishaq. Òótọ́ ni. Ó funfun bíi bébà, lẹ́tà ara rẹ̀ dúdú, kò sì tàn yòò bíi ti fóònù. Ẹ̀rọ ìkàwé ni, tòkunbọ̀ ògbólógbòó tó rà ní Ọ̀tígbà n'Íkẹjà. Android àtijọ́ kan ni ètò tó ń darí rẹ̀, tí kò lè ṣe ohunkóhun mọ́ ju kó ṣí ìwé lọ, ìyẹn náà tó bá wù ú.

"Mo fẹ́ yọ Android inú ẹ̀ dànù, kí n fi Linux rọ́pò ẹ̀," ọmọbìnrin náà ní.

"Áà, Linux." Ishaq mi orí bí àgbà. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì í. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́ Linux?"

Ìgbà yẹn ló gbójú sókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Èmi gan-an ò tíì mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ fi sí i nìyẹn."

Orúkọ rẹ̀ ni Uswat Dàwódù. Ilé-iṣẹ́ ìdérí ìgò ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ṣa ìdérí tí kò dára kúrò láàárín èyí tó dára. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ tuntun kan dé ibẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, Linux ni wọ́n sì fi sínú kọ̀ǹpútà náà. Uswat ti pinnu pé òun máa kúrò nídìí ìdérí, òun máa wọ yàrá tí wọ́n ti ń darí ẹ̀rọ. Ó ní àwọn fóònù wọ̀nyí, pálọ̀ ni wọ́n ti ń gba èèyàn lálejò; Linux á jẹ́ kéèyàn wọ ilé ìdáná lọ wo ohun tó ń jóná.

"Tẹ́ ẹ bá wá bà á jẹ́ ńkọ́?" Ishaq bi í.

"Á jẹ́ pé mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ náà ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti mú Ishaq. Mọ́ínmọ́ín tutù sí i lọ́wọ́, aago iṣẹ́ pariwo títí, kò gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé ọmọbìnrin yìí kò gbọdọ̀ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n wá fi ń pàdé. Uswat ní ọ̀rẹ́ kan, Fatimah, tó ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ọgbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n ń jókòó sí, lójú gbogbo ayé, nítorí Uswat ní òun kì í ṣe ọmọ kọ̀rọ̀. Ishaq gbé kọ̀ǹpútà àgbéká rẹ̀ wá, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ ìkàwé, wàhálà sì bẹ̀rẹ̀.

Fídíò kan tí wọ́n wò lórí fóònù ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì méjì pa pọ̀. Ẹ̀rọ tiwọn kò ní ju ẹyọ kan lọ. Òmíràn ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí àgádágodo inú ẹ̀rọ náà. Wọ́n ṣí i, ẹ̀rọ ní òun ti nu gbogbo ohun tó wà nínú òun nù. Wọ́n kọ àṣẹ kan sórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ó kàn ń ṣẹ́jú sí wọn.

"Ṣé ó ti gbà ni àbí kò gbà?" Uswat bèèrè.

"Ó dákẹ́."

"Ó dákẹ́ pé ó gbà, àbí ó dákẹ́ pé kò gbà?"

"Uswat, èmi kọ́ ni mo bí i."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí Fatimah á fi jáde wá wò wọ́n, á mi orí, á padà wọlé. "Oníná tí kò mọ ibi tí iná wà," ni Uswat máa ń fi Ishaq ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan, mẹ́mọ́rì káàdì tí wọ́n kó Linux sí tún já sí pàbó, ó sì ku díẹ̀ kí Uswat sunkún. Ishaq rọra bi í pé kí ni oríkì rẹ̀.

"Àṣàkẹ́. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi bẹ̀ ọ́ ni. Àṣàkẹ́, jẹ́ ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i."

Wọ́n tún un ṣe. Uswat ti kọ ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀ pé, tí Linux bá jí, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni: *Ẹ kúulé o. Ta ló wà nílé?* Wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Àwòrán ìwé kan tó ṣí sílẹ̀ yọ lójú rẹ̀, lẹ́tà kéékèèké sì wà nísàlẹ̀ lédè Òyìnbó, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró díẹ̀.

Wọ́n dúró. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró, wọ́n á dúró ni. Wọ́n dúró títí àkókò ìrun Alásárì fi tó, wọ́n kírun tán, ìwé yẹn ṣì ṣí sílẹ̀, ó ṣì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró díẹ̀.

"Máa gbé e lọ sílé," Uswat ní nígbẹ̀yìn. "Ìwọ lo mọ̀ nípa iná. Fi sórí ṣájà. Má pa á o, má sì tẹ nǹkan kan. Ó ní ká dúró."

Bó ṣe fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́, ó yíjú padà. "Bàbá mi ti gbọ́ pé èmi àti ọkùnrin kan jọ ń jókòó níbí. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn ẹ wá." Lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́ gbé e lọ.

Bàbá Àlàmú, àbúrò bàbá Ishaq, ló tọ́ ọ dàgbà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, iṣẹ́ káfíńtà ló sì ń ṣe ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ọmọ onílẹ̀ ni àwọn Dàwódù l'Ágége. Ilé tí bàbá bàbá wọn kọ́ ni wọ́n ṣì ń gbé, ayálégbé sì kún àwọn ilé tó yí i ká. Ẹ̀rù ba Ishaq. Bàbá Àlàmú ní ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ, ọmọ ló ń wò, kì í wo òrùlé.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Àlájì Dàwódù, bàbá Uswat, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó gbé nǹkan mímu tútù fún wọn, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá Àlàmú, ó bi wọ́n nípa ìdílé wọn, ó wá ní, "A ti gbọ́. Ẹ ṣeun, ẹ kí ilé." Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀.

"Bàbá, èwo wá ni ká ṣe báyìí?" Ishaq bèèrè nígbà tí wọ́n jáde.

"Ká jókòó sílé wa ni. Ní agbolé tiwa, ẹni tó bá ti tọrọ ọmọ, ńṣe ló ń káwọ́ gbera títí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá padà lọ láìpè, ó ti sọ ara ẹ̀ di alágbe. Ìwọ náà, n ò fẹ́ gbọ́ pé o tún ń yọjú sí ọmọ yẹn. Má pè é. Kí wọ́n má bàa ní a ò ní sùúrù."

Ishaq bẹ̀bẹ̀ títí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá Àlàmú gbà kó fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ohun tó fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn ni, "Jẹ́ ká dúró díẹ̀." Uswat dá a lóhùn pé, "Ó dáa." Kò fi àwòrán ẹ̀rín kankan sí i bó ṣe máa ń ṣe.

Bí ìdúró ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ ìkàwé wà lórí ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Ishaq, ìwé ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láàárọ̀, ó ṣí sílẹ̀ lálẹ́. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni Ishaq wá ń gbà jáde níbi iṣẹ́. Nígbà mìíràn, ó máa ń rí híjáàbù aláwọ̀ ewé láti ojú fèrèsé. Uswat á wo géètì ilé-iṣẹ́ páálí, á sì yára gbójú kúrò bí ẹni tí nǹkan ta. Ọ̀rọ̀ náà rú Ishaq lójú. Ó ń ṣe ohun tí àgbà ní kó ṣe, ó sì dà bíi pé ńṣe ló ń rì.

Lọ́jọ́ kan tó ń kọjá l'Ágége, ó rí Gbọ́láhàn níwájú ilé Dàwódù. Gbọ́láhàn ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá, aṣọ rẹ̀ kì í rún, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé ojú rẹ̀ wà lára Uswat. Ó ń jáde bọ̀, Àlájì fúnra rẹ̀ ló ń sìn ín.

Ishaq sáré tọ Fatimah lọ. Fatimah kò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó.

"Gbọ́láhàn ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ yìí, ó tún ń bọ̀. Ishaq, o ò ṣe é dáadáa rárá."

"Kí ni mo ṣe?"

"O tún ń bi mí? Lọ bi ara ẹ!" Ó pòṣé, ó wọlé lọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí Ishaq tó lọ síbi iṣẹ́, ó gbé ẹ̀rọ náà lé itan. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òun àti Uswat ti parí, òun kò ní í dá ẹ̀rọ oní-ẹ̀rọ padà ní òkú. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní òun máa wá bí òun ṣe máa dá Android rẹ̀ padà sí i. Ó kọ àṣẹ kan láti fi wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Lójú ẹsẹ̀, ìdáhùn yọ lórí kọ̀ǹpútà:

*Ẹ kúulé o. Ta ló wà nílé?*

Ishaq wo kọ̀ǹpútà, ó wo ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀rọ kò yí padà. Ìwé ṣí sílẹ̀, ó ní kó dúró díẹ̀. Èwo ló wá ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì? Ó yọ wáyà, ó pa ẹ̀rọ náà pátápátá, àwòrán ìwé kò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó wá ìdí rẹ̀ lórí fóònù, ó kà á, ó tún un kà, kó tó yé e.

Ojú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bíi bébà ni. Ohun tó bá ti wà lórí rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà, iná ìbáà wà, iná ìbáà má sí, àyàfi tí ẹnìkan bá pàṣẹ fún un pé kó pa ojú dà. Linux ti wọlé láti Sátidé yẹn. Ó ti jí, ó ti kí wọn, ó ń retí kí ẹnìkan bi òun léèrè. Àwọn ni wọ́n jókòó síwájú rẹ̀ bí ọmọlúàbí, tí àwọn náà ń retí rẹ̀.

Ó so ó padà mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tan án, ó kọ àṣẹ pé kó pa ojú dà. Ojú ẹ̀rọ dúdú, ó funfun, ó tún dúdú. Ìwé yẹn pòórá, ìkíni Uswat sì jókòó síbẹ̀ gbàgàdà.

Lọ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà iwájú ni Ishaq gbà jáde. Uswat wà lórí kéréètì rẹ̀ nínú oòrùn, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

Ishaq na ẹ̀rọ náà sí i. Uswat kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìgbà wo ló jí?"

"Ó ti jí látọjọ́ yẹn. Àwa la ò bi í."

Omi ń bọ̀ lójú Uswat, ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ ṣe. Ìbínú ló wá gba iwájú. "O rí ẹ̀rọ bi, o ò lè padà wá bi bàbá mi!"

"A ti bi wọ́n! Wọn ò tíì ránṣẹ́ sí wa ni."

"Ránṣẹ́ kẹ̀? Ta ló ń ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọrọ ọmọ? Nílé wa, ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀kan, ó ń kọjá lọ ni. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó ń dáhùn. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń jókòó síta, tí wọ́n ń wo ọ̀nà yín!"

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ọmọbìnrin kì í sọ ọ́, wọ́n á ní mo ń ta ara mi. Mo sì rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo wá kọ ọ́ sí mi pé ká dúró díẹ̀. Mo ní, ó dáa, ó ti yí ọkàn padà nìyẹn."

"Èmi? Àṣàkẹ́, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́!"

Wọ́n wo ara wọn, àánú ara wọn sì ṣe wọ́n. Ohùn Uswat rẹlẹ̀. "Ọ̀la ni ẹ̀ẹ̀kẹta Gbọ́láhàn. N ò fẹ́ ẹ, Ishaq. Àmọ́ tí ẹlòmíràn ò bá wá, kí ni mo máa rí sọ fún bàbá mi?"

Bí iṣẹ́ ṣe parí, Ishaq gba Abúlé Ẹ̀gbá lọ. Bàbá Àlàmú ń fi ìfági fá pákó. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mi orí. "Láéláé. N ò ní í lọ fojú gbolẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onílẹ̀."

Ishaq kúnlẹ̀ sínú eruku pákó, ó gbé ẹ̀rọ náà síwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ wo eléyìí. Ó kọ ọ́ sójú pé ká dúró, a sì dúró. Gbogbo ìgbà yẹn, ó wà nílé, ó ń retí pé ká bi òun."

Bàbá Àlàmú wo ẹ̀rọ, ó wo Ishaq. "Òun náà ń retí yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àlájì náà sì ń jókòó síta?"

"Lójoojúmọ́, sà."

Bàbá gbé ìfági sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ fajú ro, ó wá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rú lójú. "Irú kí wá lèyí? Agbolé méjì káwọ́ gbera, ọmọ ń gbẹ sáàárín! Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bá mi mú fìlà mi."

Àlájì Dàwódù jókòó síta nínú ọgbà ilé rẹ̀ lóòótọ́, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí wọn, ó tújú ká kó tó rántí pé ó yẹ kóun fajú ro. Ó gbé nǹkan mímu tútù fún wọn bíi ti àkọ́kọ́. Bàbá Àlàmú tún tọrọ ọmọ, ó bẹ̀bẹ̀ gidi.

"A tún ti gbọ́," Àlájì ní. "Ẹ ṣeun, ẹ kí ilé."

Ẹ̀ẹ̀kejì tiwọn nìyẹn, ọ̀la sì ni ẹ̀ẹ̀kẹta Gbọ́láhàn. Wọ́n jáde, wọ́n ti géètì mọ́ wọn lẹ́yìn. "Bàbá, ṣé ó ti parí?"

Bàbá Àlàmú tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó gbọn eruku pákó kúrò léjìká, ó yí padà, ó sì kan géètì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀.

"Ẹ kúulé o! Ta ló wà nílé?"

"Ta ni yẹn?" Àlájì bèèrè láti inú ọgbà.

"Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọmọ la wá tọrọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, Àlájì!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Àlájì, ó rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ilé sì gbè é. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde wá ṣí géètì. "Káfíńtà, ẹ ó pa mí! Ẹ wọlé. Ẹni tó bá lè gbé ìtìjú sílẹ̀ báyìí nítorí ọmọ mi, kò ní í fi ọmọ mi ṣeré. Mo ti gbà. Ẹ lọ mú ọjọ́ yìgì wá. Tí Gbọ́láhàn bá dé lọ́la, a óò fún un ní nǹkan tútù mu, a óò sì sọ òótọ́ fún un."

Inú gbogbo ilé ń dùn, àfi Uswat tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tí ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ishaq sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tún ti rú u lójú.

"Àṣàkẹ́, kí ló dé? Wọ́n mà ti gbà."

"Mo gbọ́. Ẹ ti bi bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi ńkọ́, ta ló bi mí?"

Ishaq ronú láti ọ̀sán ọjọ́ oòrùn yẹn títí di ìrọ̀lẹ́ yìí, kò rí ibi tó ti bi í rí. Ó ti bi í ní Linux, ó ti bi í ní oríkì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kò bi í.

"Uswat, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Uswat fajú ro gẹ́lẹ́ bíi bàbá rẹ̀. "A ti gbọ́. Ẹ ṣeun, ẹ kí ilé." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ishaq fẹ́ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí. Ó rìn dé géètì, ó padà, ó kan ilẹ̀kùn, ó tún un bèèrè. "A tún ti gbọ́," ni ohùn kan wí láti inú lọ́hùn-ún, ẹ̀rín ti fẹ́ẹ̀ pa ẹni tó ni ín. Ishaq tún rìn dé géètì. Àlájì àti Bàbá Àlàmú jókòó ti ara wọn, wọ́n ń wò ó bíi sinimá. Ó padà.

"Ẹ kúulé o," ó ní. "Ta ló wà nílé?"

Ó na ọwọ́ kó kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí.

"Èmi ni," Uswat ní. "Mo ti wà nílé látọjọ́ yìí."